Ilé Alaja Mẹ́rin tí Ládépò Bójú Tó

Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ? Mo fi irin búra, òótọ́ pọ́nńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó dáa, irin náà ti dípẹtà díẹ̀, ẹ má fara tì í jù.

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀ṣogbo tó ń jẹ́ Ládépò. Ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, iṣẹ́ kò sì sí lọ́wọ́ bàbá ọmọ. Ló bá gbọ́ pé Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ, onílé rẹpẹtẹ tí ayálégbé kún inú wọn, ń wá alámòójútó ilé. Ó sáré lọ bá Mosún tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ìwáṣẹ́ fún wọn ládùúgbò.

Mosún wo ohun tí Ládépò kọ, ó yínmú. "Bọ̀dá Ládépò, 'Mo ń gbálẹ̀, mo ń fún ajá lóúnjẹ.' Ṣé wọ́n ní kí ẹ wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Bí iṣẹ́ tí mo ṣe ṣe rí nìyẹn. Ilé bàbá arúgbó kan ni, ilé alájá mẹ́rin."

Mosún ní kò burú. Ó sọ ilẹ̀ gbígbá di "àbójútó àyíká", ó sọ oúnjẹ ajá di "ìtọ́jú àwọn ẹ̀ṣọ́". Lókè pátápátá, ó wá tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà: ILE ALAJA MERIN. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní àmì ohùn.

Ládépò kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ là. "Mosún! Ilé alájà mẹ́rin! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì!"

"Èmi ò purọ́ o. Àmì ni mi ò fi sí i."

Nígbà tí Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ ka ìwé náà, orí rẹ̀ wú. "Àjà mẹ́rin! Ẹ̀yin gan-an la ń wá. Ẹ mú mi lọ wo ilé náà lọ́jọ́ Ajé, iṣẹ́ ti di tiyín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìkómọ. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní, "Àna mi, oṣù tó kọjá la sin ọkọ mi. Babárìndé lọmọ yìí."

Àmọ́ ta ló ń bá alámòójútó sọ̀rọ̀? Ládépò na ọrùn bí ògòǹgò, ó kéde fún gbogbo èrò: "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sìwùmí!"

"Pẹ̀tẹ́ kí ni?" ni ìyá Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ṣé ìyá onílé ti wo ilé ọ̀hún ni?"

"Ìwé ni wọ́n wò, mà. Ìwé tó."

Lọ́jọ́ Ajé, Ládépò ń júwe ọ̀nà fún ìyáàfin yí ìlú po títí obìnrin náà fi lọgun. Ni wọ́n bá dúró níwájú ilé alámọ̀ kan tí páànù rẹ̀ ti ń ṣí.

"Àjà mẹ́rin dà?"

Kí Ládépò tó lanu, àwọn ajá ti rí ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n tú jáde, wọ́n ń jùrù fìrìfìrì.

"Àwọn nìyí, mà," ni Ládépò fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ. "Ẹ kà wọ́n. Mẹ́rin pé."

Ìyáàfin wo ìwé, ó wo ajá. Ọ̀kan ti gbé bàtà rẹ̀ sá lọ. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà nìyí?" Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn gbà.

Ẹsẹ̀ ni Ládépò fi rìn délé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń gbé ọmọ jó lẹ́nu ọ̀nà. "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sìwùmí, bàbá ẹ dé. Bi wọ́n léèrè, àjà kelòó ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀?" Ó wá kọjú sí Ládépò. "Àna mi, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti fọwọ́ ara mi bù kún ìtàn yìí: ajá méjì péré ló wà nílé náà. Èmi ni mo fi méjì lé e, kó lè lágbára.