Orí Tó Wà Lórí Géètì Olóyè

Bẹ́ ẹ bá pàdé Ayọ̀rìndé wẹ́dà ní Ṣàngó Toll Gate, ẹ yáa dọ̀bálẹ̀. Baba Géètì! Àrà-bí-òjò! Òun ló sọ ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ṣọ́ọ̀bù. "Àgbà wẹ́dà kì í wà ní Ṣàngó kí géètì olówó wọ́." Ó ní òun kì í wo iṣẹ́ ẹlòmíì, inú àgbárí òun ni dìsáìnì ti ń já bọ́ bí ọsàn.

Olóyè Ògúnlàdé, ọmọ Adó-Odò, bá gbé iṣẹ́ géètì ilé tuntun tó kọ́ sí Ìyànà Ìyẹsí fún un. "Ṣe èyí tẹ́nì kan ò rí rí. Tó bá wù mí, gbogbo ilé tí mò ń kọ́, ìwọ lo máa ṣe géètì wọn."

Ọsàn ò já bọ́ mọ́. Àgbárí gbẹ. Baba Géètì yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí mùsíọ́mù, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, l'Ékòó.

Ibẹ̀ ló ti rí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan, ère igi tí wọ́n ń dé sórí jó: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀, fìlà gogoro, ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ méjì yọ lábẹ́ fìlà. Orí Baba Géètì wú. Olówó pọ́ńbélé rèé! Ó ń ya fọ́tò lọ ràì.

Obìnrin tó ń mú àlejò kiri ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹ̀ fún yín."

"Ìtàn kẹ̀? Ṣé ìtàn la fi ń ṣí géètì ni?"

Ọjọ́ ìṣílé, èrò kún títí dé títì. Ayọ̀rìndé ká aṣọ kúrò lójú géètì. Orí irin yọ gànràn-gànràn, tòun ti ẹsẹ̀ ewúrẹ́ méjèèjì.

"Níbo lo ti rí èyí?" Olóyè bi í.

"Inú orí mi ni, sà! Mi ò rí i níbì kankan! Ojú yín ni mò ń rò tí mo fi jó irin ẹ̀ pọ̀!"

Ìyá Olóyè figbe ta. "Yéè! Bàbá ọkọ mi rèé! Orí tí ará Adó-Odò gbẹ́ fi bú wọn, nígbà tí bàbá jí ọmọ ewúrẹ́ sábẹ́ fìlà!"

"Màámi, ẹ ṣe sùúrù!"

"Sùúrù kẹ̀? Imú wọn kọ́ nìyẹn ni?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Olóyè kọjú sí wẹ́dà. "Ojú mi lò ń rò tó o fi jó irin ẹ̀ di olè? Ta ló rán ẹ wá bú mi nílé mi?"

Òógùn bo Baba Géètì. Tó bá lóun ló rò ó, ó bú Olóyè. Tó bá lóun kọ́, ó tẹ́.

"Ẹ ṣàánú mi, sà! Mo wò ó ṣe ni! Mùsíọ́mù ni mo ti rí i, fọ́tò ẹ̀ nìyí!"

Àwọn wẹ́dà Ṣàngó tí Baba Géètì fúnra ẹ̀ pè wá wòran ló kọ́kọ́ pariwo: "Olè jí olè gbé o!"

"Gé orí yìí kúrò," Olóyè ní, "kó o sì máa gbé e lọ."

Nígbà tó gé e tán, ọlọ́kadà kankan ò gbà láti gbé e. Inú orí irin náà sì ṣófo, kò ríbi dì í mú, ló bá dé e sórí, ó bò ó dé èjìká. Àwọn ọmọdé Ìyànà Ìyẹsí tò sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Kí ló wà lábẹ́ fìlà? Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ìgbà tó máa fi dé ìtòsí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń bá àtẹ́wọ́ lọ, ó ń jó bí eléré Gẹ̀lẹ̀dẹ́.