Kìnnìún Ẹnu Géètì

Ọjọ́ òjò ni mo kọ́kọ́ mọ Mùbárákù àti Shakirah ìyàwó rẹ̀, nínú yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n háyà ní Jikwoyi, ní Àbújá. Mo yà sọ́dọ̀ wọn kí òjò dá. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n sì gbé abọ́ kan lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n jọ̀ọ́ bá wọn dì í mú, nítorí pé orí àga àlejò gan-an ni òrùlé ti ń jò jù. Iṣẹ́ Mùbárákù ní Wuse ni láti máa kọ́ àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe ń náwó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì dánra wò lára ìyàwó rẹ̀.

MÙBÁRÁKÙ: Ká ní ìwọ ni oníṣòwò. Kí o tó ná kọ́bọ̀, kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkàn rẹ kà sí jù láyé. Ibẹ̀ ni kí owó rẹ gbà lọ. Ó yé ọ?

SHAKIRAH: Ó yé mi, sà. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣe é ká wò. Bàbá Hikmah, kí lẹ kà sí jù?

MÙBÁRÁKÙ: Ìyẹn ò le. Ìdílé mi ni. Kí ìyàwó àti ọmọ mi máa sùn ní àlàáfíà.

Omi kán sí i lórí. Ó fọwọ́ nù ún bí ẹni pé òógùn ni.

SHAKIRAH: Òjò ti jẹ́rìí. Kí ló tún kù?

MÙBÁRÁKÙ: Kí n má máa náwó nítorí ojú ayé.

SHAKIRAH: Ó dáa. Owó tí a tù jọ, tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́la sí ilé tí a kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí lẹ fẹ́ fi rà?

MÙBÁRÁKÙ: Géètì.

SHAKIRAH: Géètì nìkan?

MÙBÁRÁKÙ: Géètì... àti kìnnìún méjì, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ. Ọ̀kan lórí òpó ọ̀tún, ọ̀kan lórí òpó òsì.

SHAKIRAH: Iṣẹ́ wo ni wọ́n máa ṣe?

MÙBÁRÁKÙ: Ààbò.

SHAKIRAH: Ṣé wọ́n máa bu olè jẹ ni?

MÙBÁRÁKÙ: Rárá o. Bí olè bá ti rí wọn, ó máa mọ̀ pé ènìyàn ńlá ló ni ilé.

SHAKIRAH: Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọlé.

MÙBÁRÁKÙ: Mi ò rò ó débẹ̀.

SHAKIRAH: Ta ló wà nínú ilé náà báyìí?

MÙBÁRÁKÙ: Saeed àbúrò mi. Ó ń bá wa ṣọ́ ọ.

SHAKIRAH: Yàrá wo ló ń sùn sí?

MÙBÁRÁKÙ: Yàrá tiwa. Ó ní òun ò lè máa ṣọ́ ilé láti yàrá àlejò.

SHAKIRAH: Ṣé òrùlé ibẹ̀ ń jò?

MÙBÁRÁKÙ: Kai, rárá. Èmi fúnra mi ni mo ra páànù yẹn. Saeed ní òjò lè rọ̀ mọ́jú kí òun má mọ̀.

Abọ́ ẹsẹ̀ mi ti kún. Shakirah gbà á, ó dà á sínú garawa, ó sì dá a padà fún mi.

MÙBÁRÁKÙ: Má wulẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ló ní ká lẹ táìlì ilé ìdáná títí kan àjà?

SHAKIRAH: Èmi ni.

MÙBÁRÁKÙ: O ti dáná níbẹ̀ rí?

SHAKIRAH: Mo fẹ́ dáná níbẹ̀ ní Iléyá tó kọjá. Saeed ní èéfín máa ba táìlì jẹ́. Ilé ìyá yín la ti lọ din ẹran.

MÙBÁRÁKÙ: Ẹran tiwa?

SHAKIRAH: Ẹran tiwa. Saeed ló jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi tún kún abọ́ mi.

MÙBÁRÁKÙ: Wo ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ni lọ́la. Ó ń fi garawa gba òjò ní Jikwoyi, ó ń ra kìnnìún fún Ògbómọ̀ṣọ́.

SHAKIRAH: Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó máa yé wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ní kìnnìún tiwọn.

MÙBÁRÁKÙ: Ṣùgbọ́n bí mo bá délé tí kò sí géètì, wọ́n á ní mi ò rí nǹkan mú bọ̀ láti Àbújá.

SHAKIRAH: Àwọn wo?

MÙBÁRÁKÙ: Àwọn ará àdúgbò.

SHAKIRAH: Àwọn tó ń pe Saeed ní láńlọ́ọ̀dù? Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bi yín pé ta lẹ ń wá.

Nínú yàrá, Hikmah ọmọ wọn ń wúkọ́ lójú oorun. Àwọn méjèèjì tẹ́tí sí i títí ó fi dáwọ́ dúró.

MÙBÁRÁKÙ: Owó yẹn máa gba ilé tí kò jò.

SHAKIRAH: Ó máa gbà á.

MÙBÁRÁKÙ: Kí ni màá sọ fún Saeed?

SHAKIRAH: Ẹ sọ fún un pé láńlọ́ọ̀dù ti di ayálégbé. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lóṣù tó ń bọ̀.

MÙBÁRÁKÙ: Ìyá Hikmah, má bínú. Mo ti sanwó kìnnìún kan.

SHAKIRAH: Ti ọ̀tún ni àbí ti òsì?

MÙBÁRÁKÙ: Ti ọ̀tún.

SHAKIRAH: Kí Saeed máa dúró lórí òpó òsì.

Jikwoyi náà ni wọ́n ṣì ń gbé títí di òní, ní òpópónà kejì sí ti àtijọ́, nínú ilé tí kò jò.