Ìwé Tí Wọ́n Fi Di Ẹ̀pà

Lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lomé, Da Ablavi jókòó ti àtẹ ẹ̀pà rẹ̀. Senyo, akẹ́kọ̀ọ́ tó ta ìwé ìtàn kan fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó máa fi di ẹ̀pà, tún dé. Ìgbà kẹrin rẹ̀ lónìí nìyí.

"Da Ablavi, ẹ ta ẹ̀pà fún mi."

"Tàárọ̀ ṣì wà lápò ẹ."

"Ẹ fi ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé yẹn dì í."

"Ìwé tó o ní wèrè ló kọ ọ́?"

"Mi ò sọ pé wèrè."

"O ní ẹni tí ò mọ̀ pé gbólóhùn máa ń parí, kò yẹ kí wọ́n fún un ní bírò. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín. Etí mi wà níbẹ̀."

Senyo wolẹ̀.

"Mò ń jẹ ẹ̀pà yín lánàá ni mo rí ibi tí ìyàwó apẹja ti gbé àjẹ̀ tí ọkọ ẹ̀ fi ń wakọ̀ sá lọ létí òkun. Mo kà á tán kí n tó rántí pé kò sí àmì ìdánudúró kankan níbẹ̀."

"Obìnrin tó ń sáré. Ibo lo fẹ́ kó ti dúró?"

Senyo gbójú sókè. Ọdún kẹta tó ti ń kọ́ nípa ìwé nìyí, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

"Ṣé ẹ ti kà á ni?"

"Kí n tó ya ìwé, mo máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ parí ná. Tèyí ò parí. Mo bá ń kà á lọ."

Senyo tú àpò rẹ̀: ojú ewé mẹ́sàn-án, gbogbo wọn ti mu òróró ẹ̀pà.

"Lọ́la ni olùkọ́ máa bi wá ní ìbéèrè lórí ìwé náà lójúkojú. Ẹni tí ò bá mọ ìparí ìtàn náà máa tún ọdún yìí ṣe. Ta lẹ fi ojú ewé tó kẹ́yìn di ẹ̀pà fún?"

"Ìwọ."

"Èmi kẹ̀?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á tán, ẹ̀yìn ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, ìwọ lo sì kọ́kọ́ rà. O jẹ ẹ̀pà tán, o fi ìwé nu ọwọ́, o jù ú sí gọ́tà. O ní ó ti rí iṣẹ́ ṣe wàyí."

"Ẹ dákun, Da Ablavi. Ṣé apẹja náà rí àjẹ̀ ẹ̀?"

Da Ablavi ti àpótí kan sí i.

"Jókòó. Kọ́kọ́ mí dáadáa. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, kò síbi tá a ti máa mí mọ́."