Fìríìjì Tí Kò Yí Mítà

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, fìríìjì ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé wọlé kí ẹlẹ́jọ́ tó dé. Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn ìlú ló tẹ̀ lé e, ó gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ àyà bí ìyá tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Arajà! Òun ló ń bá ìlú ra nǹkan, òun ló ra wọ̀bìà yìí. Iná tí ìlú rà fún wa lóṣù kan, ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi jẹ ẹ́ tán. Yìnyín inú kúlà mi ti ń yọ́. Bí n ò bá rí ibi tútù kó o sí kó tó di ìrọ̀lẹ́ yìí, abẹ́rẹ́ ogójì ọmọ bàjẹ́ nìyẹn!"

Arajà dúró sí kọ̀rọ̀, ó dán bàtà, ó wọ́n lọ́fínńdà sára.

"Arajà, kí ni òfin ìlú wí?" ni Kábíyèsí bi í.

"Pé kí n tó ra ohun tó ń lo iná, kí n gbé e sórí mítà fún odindi ọjọ́ kan, kí n wo bó ṣe ń jẹ iná sí. Mo sì ṣe é, Kábíyèsí! Àtàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ni mo jókòó tì í nílé ìwòsàn. Mítà ò yí rárá!"

"Rárá kẹ̀? Ṣé iná wà lọ́jọ́ náà?"

Arajà tẹjú mọ́lẹ̀.

"Kábíyèsí, fìríìjì tí kì í jẹ iná ni mo ń wá. Kí wá ni iná fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?"

Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn.

"Iná wà, Kábíyèsí! Fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí mi lára."

"Níbo lo wà?"

"Mo sùn ni."

"Nígbà tí o jí ńkọ́?"

"Òógùn ló jí mi."

Nọ́ọ̀sì fò dìde. "Ẹ bi Arajà léèrè, kí ló ń wò tí kò fi mọ̀ pé iná ti lọ!"

Arajà mí kanlẹ̀. "Ọmọge tó gbé fìríìjì wá tà ni. Kábíyèsí, bó bá ti rẹ́rìn-ín, ibi gbogbo á mọ́lẹ̀ kedere. Ta ló máa rántí iná?"

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yìí mú kí omijé lé téńté sí èmi òǹwòran lójú. Ojú Kábíyèsí gbẹ táútáú.

Ìyá Arajà kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú ọmọ mi. Ó mọ nǹkan rà! Fìríìjì ilé wa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wò ó lórí mítà. Bí ìyàwó ọ̀ṣìngín ṣe ń jẹun lójú àna ló ṣe ń jẹ iná, díẹ̀díẹ̀!"

"Màámi, ẹ dákẹ́!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ìyá.

"Ẹ ṣé, ìyá," ni Kábíyèsí wí. "Ẹ gbé fìríìjì ilé Arajà lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí, kí ìlú sì ra iná míì síbẹ̀. Ẹ gbé wọ̀bìà yìí lọ sílé rẹ̀, kó máa jẹ iná tirẹ̀, títí tí yóò fi bá ìlú ra èyí tó dáa, tí Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ bá a wò lórí mítà. Kí iná sì wà!"

"Yéè! Kábíyèsí, ẹran mi kún inú rẹ̀!"

"Ẹ lọ sè é, ìyá. Gbogbo rẹ̀. Lónìí."

Kí oòrùn tó wọ̀, abẹ́rẹ́ ogójì ọmọ ti tutù nini. Nílé Arajà, wọ́n ń jẹ ẹran, ojú gbogbo wọn sì fà ro.