Ọjọ́ Tí Mo Ru Dígí Lábẹ́ Àrá

Ọjọ́ kan wà láyé mi tí kò jẹ́ kí n gbàgbé òun. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iyẹ̀pẹ̀, òun ni mo máa ń rántí, màá sì rọra rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ikùn.

Lásìkò náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro igbó Ìkẹjà láti kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá láti ibi gbogbo, àwọn ìyàwó wọn sì ń wá ẹni tí yóò rán bùbá fún wọn. Èmi náà ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Agége, mo sì gba ìsọ̀ kékeré kan sí Àgídìngbì. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mò ń wí yìí ni ọ̀gá mi fẹ́ wá ṣàdúrà níbẹ̀, kó sì yọ̀ǹda mi lójú gbogbo èèyàn. Dígí nìkan ló kù.

Ọ̀gá mi kì í fi ọ̀rọ̀ dígí ṣeré. Ó ní aránṣọ tí kò bá ní dígí gígùn, ilé ẹlòmíì ni oníbàárà rẹ̀ yóò ti lọ wo ara rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì ti bá a rí àléébù iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá mi gbọ́ èyí nílé, ló bá ta aṣọ òfì tó fi ṣe ìyàwó, ó ní kí n fi owó rẹ̀ ra dígí. Nítorí náà, nígbà tí mo gbé dígí náà wọ rélùwéè láti Èkó, aṣọ ìyàwó ìyá mi ni mo gbé lọ́wọ́.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà, òjò ti ṣú bolẹ̀. Ẹni tó gbọ́n ì bá dúró sí ìdíkọ̀. Èmi rò pé ẹsẹ̀ mi yá ju òjò lọ. Mo ká òṣùká, mo gbé dígí lérí, ojú rẹ̀ kọ sókè, mo sì forí lé ọ̀nà Àgídìngbì. Gbogbo ojú ọ̀run ló wà lórí mi bí mo ṣe ń lọ, mi ò sì mọ̀.

Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, àrá sán. Mo yà sí ìsọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kí n tó kí i tán, ó ti dìde.

"Kí lo rù yẹn? Ṣé dígí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí n kàn yà díẹ̀ ni."

"Dígí tí gbogbo ayé ń da aṣọ bò tí àrá bá ń sán, òun lo gbé wá bá mi láàárín irin? Ọmọ mi, máa lọ. Ìyàwó méjì ni mo ní."

Mi ò lè bá a jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ wa nílé: àrá kì í sán kí dígí wà láìbò, wọ́n ní dígí máa ń pe àrá. Mo bá wá aṣọ tí màá fi bò ó. Gèlè mi nìkan ni mo rí, gèlè náà sì pupa fòò. Ìdààmú ò jẹ́ kí n rántí pé aṣọ pupa gan-an ni wọ́n ní kéèyàn sá fún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó wọ sùtánà funfun na ọwọ́ sí mi pé kí n yára wọlé. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Arábìnrin, kí ló wà lábẹ́ aṣọ pupa yẹn?"

"Dígí ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó wo ojú ọ̀run, ó tún wò mí. "Dígí, ẹ wá tún fi pupa dé e. Ṣé ẹjọ́ ló wà láàárín ẹ̀yin àti àrá ni?"

Pẹ̀lú sùúrù ló ní kí èmi wọlé, kí dígí dúró síta. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ya òmùgọ̀ jù. Mo wò ó pé bí mo bá gbé e sílẹ̀, atẹ́gùn á bì í ṣubú, á fọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá òjò lọ.

Nígbà tó yá, mo rí igi máńgòrò gíga kan níwájú ilé alámọ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀. Mo gbé dígí ti igi, èmi náà fẹ̀yìn tì í. Mo ní ó tán, kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò níbí.

Ìyá arúgbó kan da àpò borí, ó jáde nínú ilé náà tìbínú-tìbínú.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o gbé dígí wá bá ewúrẹ́ mi?"

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Òjò ló lé mi débí."

"Àwọn ewúrẹ́ yìí nìkan ni mo ní láyé. Gbé e kúrò."

"Ibo ni kí n gbé e lọ, mà?"

Ó nawọ́ sí ilẹ̀ gbalasa kan tí wọ́n ti ro sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́. "Lọ dojú rẹ̀ bolẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Kó o sì máa bọ̀ nínú ilé kíá, o ti ń gbọ̀n."

Àgbà ló sọ̀rọ̀, mi ò lè jiyàn. Mo sunkún lọ, mo sunkún bọ̀. Ìyá náà fún mi ní ìró gbígbẹ kan, mo sì jókòó síbi tí mo ti lè máa wo dígí mi lókèèrè. Ó ní ewúrẹ́ òun ò sí nínú ewu mọ́, nǹkan tó ń pe àrá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi dá dígí sí. Mi ò rántí bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀mí ara mi.

Mọ̀nàmọ́ná kọ, àrá sán lẹ́ẹ̀kan náà, ilé mì tìtì. Nígbà tí mo máa fi lajú, abẹ́ ibùsùn ìyá ni mo wà. Bí mo ṣe débẹ̀, mi ò lè sọ títí dòní.

Nígbà tí òjò dá, a jáde. Igi máńgòrò ti là sí méjì, láti òkè dé ibi tí mo fẹ̀yìn tì. Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Ìyá náà ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ jí ọmọ lójú oorun. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Dígí tèmi wà ní gbalasa níbẹ̀, kò tilẹ̀ là.

Àwọn èèyàn pé jọ, bàbá oníkẹ̀kẹ́ náà sì dé. Ó ní, "Mo sọ fún un. Dígí yẹn ló pè é."

Mo ní, "Bàbá, dígí ló wà lọ́hùn-ún yẹn, kò fọ́. Igi ni àrá là."

Ó wo dígí, ó wo igi. Ó ní, "Ó tàsé ni."

Àwọn kan ti ń wò mí bí ẹni tó jẹ̀bi. Mo ń retí èpè. Ìyá náà jókòó sínú ẹrẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Tí kì í bá ṣe ti ewúrẹ́ tí mo tìtorí wọn jáde wá lé e, ọmọ ọlọ́mọ là bá máa wò nílẹ̀ yìí."

Ọ̀gá mi yọ̀ǹda mi lọ́jọ́ kejì níwájú dígí náà. Ìyá arúgbó yẹn wà níbẹ̀, èmi ni mo sì ń rán aṣọ rẹ̀ títí ó fi kú, mi ò gba kọ́bọ̀.

Ohun tí mo kọ́ kò ṣòro. Tí àrá bá ń sán, má dúró lábẹ́ igi, má rìn ní gbangba. Ilé tí wọ́n bá ṣí fún ọ, wọ̀ ọ́, kí ẹrù fọ́ bó bá fẹ́ fọ́. Ìyá mi lè tún rí aṣọ òfì mìíràn, kò lè rí èmi mìíràn.

Dígí náà ṣì wà ní ìsọ̀ mi. Bí àrá bá ti sán, mo máa ń fi ìró ìyá arúgbó yẹn bò ó lójú. Ọmọ mi obìnrin a ní, "Màmá, dígí kì í pe àrá." Màá ní mo mọ̀. Màá sì rẹ́rìn-ín, torí pé bí ìyá náà bá rí mi, á ní ọmọ yìí ti wá ń gbọ́n.