Ohùn Ìyá Oyèkúnlé Nínú Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jí

Ta ni nínú yín ló lè sọ fún mi, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ má sì bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ti wà láyé àwọn àgbà. Àgbà tí mo ń wí ṣì wà láàyè. Ìrágbìjí ló ń gbé. Ó tilẹ̀ jẹ ẹ̀bà lánàá.

Baba Oyèkúnlé ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ omi ni ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ìgbà òjò tó kọjá. Ojú obìnrin náà ṣì wà lára ògiri, nínú fọ́tò. Ohùn rẹ̀ ni kò sí níbì kankan mọ́, àfi nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ó máa ń sọ̀rọ̀ sí, pé bí Oyèkúnlé ọmọ wọn bá ti òkè òkun dé, yóò gbọ́ ọ. Òrùlé jò. Òjò pa kọ̀ǹpútà. Díìsì inú rẹ̀, ibi tí ohùn náà wà, nìkan ló yè.

Bàbá ì bá gbé díìsì náà fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó kọ̀.

"Wọn á pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọn á fún mi ní ohùn ìyàwó ẹlòmíràn."

Ó pinnu láti to kọ̀ǹpútà tuntun fúnra rẹ̀. Ó ra ẹ̀yà kan, ó sinmi, ó ra òmíràn. Ó ń fi aṣọ ìbora wé wọn wọlé bí ẹni tó jí adìyẹ gbé. Ẹ kúkú mọ̀ pé bí nǹkan tuntun bá wọlé, a kì í tètè fi han ayé. Ti Bàbá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kọ́tìnì rẹ̀ kì í ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí i, yóò nà sórí àga, yóò dijú, yóò máa hanrun títí onítọ̀hún yóò fi lọ.

"Wọ́n wá wò ó bóyá ìkòkò mi ti gbẹ ni."

Ọjọ́ tí sikirínì dé, ó tàn án wò. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yọ jáde lára kọ́tìnì. Bàbá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá. Ó yára tẹ bọ́tìnì kan lábẹ́ rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ náà fi kú, ó fi aṣọ bò ó, ó sì gbàgbé.

Ó wá di ọ̀sán Sátidé kan, ó to gbogbo rẹ̀ tán. Ó ṣí aṣọ kúrò lójú sikirínì, ó ti díìsì bọ ibi tó yẹ. Ó tẹ bọ́tìnì. Fáànù yí. Iná kékeré aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú. Sikirínì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ó tún un tẹ̀. Dúdú.

Ó pe Ṣónibárẹ́, ẹni tó ta ẹ̀yà fún un.

"Òkú lo tà fún mi."

"Bàbá, ẹ káàsán o. Ṣé fáànù ń yí?"

"Ó ń yí."

"Òkú kì í mí, Bàbá. Ẹ yọ mẹ́mórì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ fi ìrésà ọmọ iléèwé nu etí rẹ̀, kí ẹ dá a padà."

Bàbá pa fóònù. "Ó fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi bà á jẹ́, kó lè rí òmíràn tà." Síbẹ̀, ó wá ìrésà, ó nu etí rẹ̀. Dúdú.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ kòkòkò láti ilé kejì. Láòṣebìkan jórinjórin ń lu irin. Ojú Bàbá là. Ó jáde.

"Láòṣebìkan! Ìwọ lò ń fa gbogbo iná àdúgbò! Èyí tó kù fún mi kò lè jí eṣinṣin!"

Láòṣebìkan sọ òòlù kalẹ̀. "Bàbá, wọn ò mú iná wá láti àná. Jẹnẹrétọ̀ tiyín ló ń dún lẹ́yìn yín yẹn."

Bàbá bojú wẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ ń dún.

"Kí ni ẹ tilẹ̀ ń fi iná ṣe?" ni Láòṣebìkan bi í, ó sì tẹ̀ lé e wọlé kí Bàbá tó rí ọgbọ́n dá.

Nígbà tó rí kọ̀ǹpútà, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbàù!

"O fẹ́ pa á!"

"Bí a ṣe ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ìyá mi nìyẹn, Bàbá. Bí ẹ ò bá gbá a létí, kò ní sọ̀rọ̀." Ó tún gbá a. Dúdú.

Ariwo wọn ló mú Àjíbíkẹ́ wọlé, àbúrò ìyàwó Bàbá. Ó gbé abọ́ oúnjẹ dání. Bàbá yára dúró síwájú kọ̀ǹpútà.

"Mo mọ ohun tí o wá mú. O ti béèrè díìsì yìí rí."

"Bùọ̀dá, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló kú fún." Ó gbé abọ́ kalẹ̀. "Ẹ sì ń gbá a bí olè. Ṣé bí wọ́n ṣe ń jí ọmọ nílé yín nìyẹn? Ẹ fi oríkì kì í!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki kọ̀ǹpútà.

"Àkànkẹ́ onírin lára, arọ́jú-má-fọ̀, ọmọ awéwaya-bí-ìlẹ̀kẹ̀! Jí, ìyá mi, ilẹ̀ ti mọ́!"

Fáànù ń yí. Iná ń ṣẹ́jú. Kò sí èsì.

"Ọmọ tí oríkì ò jí," ni Láòṣebìkan wí, "omi ni wọ́n ń bù sí i lójú."

Ká tó wí, ó ti bu omi dé. Bàbá figbe ta, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi dà sí Bàbá lórí. Àjíbíkẹ́ gbá sikirínì mọ́yà kí omi má baà kàn án, ìka rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnì kan tó wà lábẹ́ sikirínì náà. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, kò mọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń la ojú kan.

Kọ̀ǹpútà ti jí tipẹ́. Ó ti kọ ọ́ sójú sikirínì pé kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

"Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀!" ni Láòṣebìkan pariwo. "Ó ń pirọrọ ni!"

"Ta ló wá pa ojú rẹ̀ dé?" ni Àjíbíkẹ́ bi wọ́n.

Bàbá rántí. Omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ń wo òrùlé.

Wọ́n wá ohùn náà, wọ́n rí i. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ìhanrun, èyí tó nípọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn obìnrin:

"Oyèkúnlé, gbọ́ bàbá rẹ. Ọkọ̀ omi dé, kí ó wá bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ti sùn. Baba Oyèkúnlé!" Ìhanrun tún ròkè. "Ẹ ò sùn o. Ẹni tó sùn kì í ká ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà bí mo bá ń gbálẹ̀. Ẹ dìde, jàre." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ìhanrun dákẹ́. Ọkùnrin kan wí láti inú kọ̀ǹpútà pé, "Kẹ́ẹ̀gì mélòó ni?"

Nínú yàrá, Láòṣebìkan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ṣé ìhanrun yìí kọ́ là ń gbọ́ bí a bá kanlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́?"

Bàbá fi apá agbádá rẹ̀ nu ojú. Ó ní omi orí rẹ̀ ni.

"Àjíbíkẹ́," ni ó wí, "kí ló wà nínú abọ́ yẹn?"

Ó lọ ṣí kọ́tìnì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun níbẹ̀, wọ́n ń tún ohùn náà tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ìka rẹ̀ kò tíì kúrò lára igi tí Bàbá fi dáhùn pé, "Mo ti jí! Ẹ wọlé."

Ìdí rẹ̀ nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó sùn là á jí. A kì í jí apirọrọ, àfi tó bá jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń jí i.