Ife tí Ọ̀mọ̀wé Ò Fọ̀

Ọmọ ìyá kan náà ni nọ́ọ̀sì àti Ọ̀mọ̀wé, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò bára wọn mu rárá. Ẹ̀gbọ́n ń pa kòkòrò àìfojúrí ní ọsibítù, àbúrò ń sìn wọ́n bí ẹni ń sin adìyẹ. Ó fẹ́ kó wọn lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí wọ́n máa pèsè atẹ́gùn síbẹ̀ títí èèyàn yóò fi lè gbé ibẹ̀. Inú àpótí onígíláàsì tó tutù, tó sì gbẹ bíi pílánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ló ti ń dán wọn wò. Lọ́sàn-án yìí, àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá wo ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n á ti yàrá ìwádìí náà pa.

Ọ̀mọ̀wé káwọ́ lérí síwájú àpótí nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé oúnjẹ wọlé.

"Ta ló kú?"

"Gbogbo wọn, Àǹtí mi."

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ kalẹ̀. "Èmi tí mò ń fi omi gbígbóná àti oògùn lé wọn kiri wọ́ọ̀dù, wọn ò kú. Ìwọ tí ò ń kẹ́ wọn, o pa wọ́n tán. Ó yẹ kí wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́ lọ́dọ̀ wa."

"Ẹ máa bú mi, ó tọ́ sí mi. Obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wọ ilé mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní ibẹ̀ ò ṣé gbé. Èmi náà ni mo wá ń tún pílánẹ́ẹ̀tì ṣe."

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí nìwọ fẹ́ kó?"

Ọ̀mọ̀wé sún mọ́ àpótí. Ó nu ìrì tó dì sójú gíláàsì kí ó lè fi òkú wọn hàn án. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ife tíì kan wà ní igun àpótí.

"Àǹtí, ta ló gbé ife mi síbí?"

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ìgbà tí mo wá kí ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbúròó àlejò lóde. Ife ẹ wà lórí tábìlì, nǹkan àwọ̀ ewé ti hù dé ẹnu ẹ̀. Kí wọ́n má baà sọ pé ìyá wa ò tọ́ wa, mo sáré tì í sínú fíríìjì."

"Fíríìjì kọ́ nìyẹn, Àǹtí. Pílánẹ́ẹ̀tì ni."

"Ó ṣáà tutù."

Inú bí Ọ̀mọ̀wé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti ba iṣẹ́ ọdún gbọọrọ jẹ́. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, ó ní òun á yọ ife náà, òun á sì fọ̀ ọ́. Ó ti nawọ́ sí ilẹ̀kùn àpótí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Nǹkan àwọ̀ ewé náà ti kún jáde nínú ife, ó ti tàn dé orí òkú àwọn yòókù. Iye tí ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn ń fi hàn ti lọ sókè. Láti àná ni Ọ̀mọ̀wé ti rò pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́, ó ti gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ohun tó wà láàyè ni wọ́n ń bọ̀ wá wò?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ohun tó wà láàyè ni."

"Eléyìí wá kú ni?"

"Kò kú. Àmọ́ kí ni kí n ní mo ṣe sí i?"

"Sọ pé o ò ṣe nǹkan kan. Láti kékeré lo ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójijì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní àwọn ọ̀gá á béèrè irú ẹ̀ sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe èèṣì. Inú rẹ̀ tún dùn. "Àwọn ife mìíràn tí n ò fọ̀, tí irú nǹkan yìí hù sí, ṣì wà lójú fèrèsé yàrá mi nílé. Kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ yín, Àǹtí."

Nọ́ọ̀sì tún ń wo àjà. Ẹsẹ̀ bàtà ti ń dún lóde.

"Mo ti fọ gbogbo wọn láàárọ̀. Mo tún fi omi gbígbóná ṣan wọ́n."

Ọ̀mọ̀wé dì mọ́ àpótí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó rọra sọ sí i létí pé:

"Fọkàn ẹ balẹ̀, àbúrò mi. N ò tíì fọ àwọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ."